Irin wo ló yẹ fún ọ̀pá ẹsẹ̀ àti bíréèkì ọkọ̀ ojú irin kékeré onísítíìmù?

Olùkọ́ Ìgbógbò (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Iṣẹ́ irin ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kan ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ń fi sítíìmù rìn sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìgbógbò. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 5, ọkọ̀ náà yóò sì wọn nǹkan bíi kílò 45 tí omi bá ti wà nínú bọ́ílà. Mo ti tẹ́ irin mítà 40 sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, torí pé àwọn ọmọ-ọmọ mi àti àwọn ọmọ àdúgbò ni yóò máa jókòó sórí àwọn tírólì tí ọkọ̀ náà yóò máa fà.

Nítorí ọ̀rinrin agbègbè wa, sítéńlẹ́ẹ̀sì oní-mílímítà 16 ni mo fi ṣe ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta irin àlòkù ní Ọ̀dọ́gunyàn ni mo ti rà á. Sítéńlẹ́ẹ̀sì náà ni mo tún gbẹ́ ihò sí láti fi ṣe àpótí tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀. Irin káàsì ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú béárìn dúró sínú ilé rẹ̀ ni mo sì fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀pá. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo yá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọganáísà àdúgbò wa, mo fi afẹ́fẹ́ rọ́pò sítíìmù, mo sì gbé ọkọ̀ náà sórí igi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kanlẹ̀. Ó yí dáadáa. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ni ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tí ó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn bá há pátápátá. Kí n tó lẹ̀ wọ́n ni mo ti fi ìṣó ẹnu ṣóńṣó fa ìlà kan láti ojú ẹsẹ̀ kọjá sí orí ọ̀pá. Ìlà yẹn ti já sí méjì báyìí, àlàfo àárín rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìdajì mílímítà: ẹsẹ̀ ti yí lórí ọ̀pá. Nígbà tí mo tú u, mo bá ara ọ̀pá náà ní híha yánnayànna níbi tó ti ń yí nínú àpótí.

Ti bíréèkì náà tún wà ńlẹ̀. Àwọn tí ń da ìkòkò ni mo bẹ̀ láti fi álúmíníọ̀mù da ṣúù mẹ́rin fún mi. Mo kàn fi ọwọ́ tì wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ nígbà tó ń yí ni, síbẹ̀ wọ́n ti ya ojú ẹsẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ẹ jọ̀wọ́, irin wo ni kí n fi ṣe ọ̀pá, kí ni kí n sì fi ṣe ṣúù? Mi ò fẹ́ ra nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta.


Tọ́nà Sábọ̀ (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ju sítéńlẹ́ẹ̀sì yẹn nù, irin ìkòkò àti irin fèrèsé ni. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ṣáàfù ẹsẹ̀ mọ́tò, èyí tí ń gbé agbára láti inú gíá lọ sí táyà. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń tú mọ́tò. Ohun tó lè yí táyà mọ́tò tó tó tọ́ọ̀nù kan kò ní í tẹ̀ lábẹ́ kílò 45. Tí ẹ bá gbé e wá, mo máa bá yín gbẹ́ ẹ sí ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó sì gbàgbé rẹ̀ títí ayé.


Bàbá Èbúté (Ẹ̀pẹ́)

Olùkọ́, ẹ kú ìfaradà. Inú wọ́ọ̀kiṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́tta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kí n tó padà sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹsẹ̀ kì í sì í ṣe tuntun sí mi. Mo bọ̀wọ̀ fún Tọ́nà Sábọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbára tó sọ yẹn kọ́ ni ìṣòro tó wà níwájú wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò 45 lórí ọ̀pá méjì já sí nǹkan bíi kílò 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Tí ibi tí àpótí ti tẹ ọ̀pá bá jìnnà ní mílímítà 15 sí ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ irin ilẹ̀, ìnira tí ẹrù yẹn ń kó sínú ọ̀pá oní-mílímítà 16 kò ju newton 4 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ fi ìtì písítìn kún un: tí písítìn yín bá fẹ̀ ní mílímítà 38, tí agbára ìtì sítíìmù sì jẹ́ 80 psi (pọ́n-ùn 80 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), ìnira náà lè gùn dé nǹkan bíi 50. Mild steel (irin lásán tí kábọ̀n inú rẹ̀ kò pọ̀) tó rọ̀ jù lọ lọ́jà kò ní í tẹ̀ títí láé kí ó tó kọjá 200. Nítorí náà kò sí irin gidi kan tí yóò ṣẹ́ tàbí tẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irin líle àti irin rírọ̀ kò yàtọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń fì lábẹ́ ẹrù tí kò pọ̀. Tí ẹ bá fi mild steel, silver steel (irin tí kábọ̀n inú rẹ̀ pọ̀) àti irin ṣáàfù mọ́tò ṣe ọ̀pá tí gígùn àti ìnípọn wọn dọ́gba, tí ẹ gbé ẹrù kan náà kọ́ wọn, ìwọ̀n kan náà ni wọn yóò fì, wọn yóò sì padà sípò. Líle kàn ń sọ ibi tí irin yóò ti kọ̀ láti padà ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀pá má fì, kí ó fi kún ìnípọn rẹ̀: ọ̀pá oní-mílímítà 19 le tó ìlọ́po méjì ti oní-mílímítà 16 níbi ká fì.

Ṣáàfù mọ́tò tí Tọ́nà dárúkọ, wọ́n ti fi iná àti omi sọ awọ rẹ̀ di líle. Irinṣẹ́ lathe (ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ) lásán yóò yọ̀ lórí rẹ̀, tí ẹ bá sì gbẹ́ awọ yẹn kúrò, irin tó rọ̀ ju èyí tí ẹ sanwó rẹ̀ lọ ni yóò kù. Làálàá lásán ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta rọ́ọ̀dù ìkọ́lé fún yín. Irin àlòkù onírúurú ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ láti fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó bá ibì kan tó rọ̀, ẹ ó sì bá ibì kan tí yóò ba ẹnu irinṣẹ́ yín jẹ́ lórí ọ̀pá kan ṣoṣo.

Ìmọ̀ràn mi ni mild steel dídán tí wọ́n fà ní tútù, mílímítà 19. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ EN8 sí lára (kábọ̀n inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i), ó dára ju EN3, mild steel lásán, lọ díẹ̀ nítorí kò tètè jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Irin tí wọ́n fà ní tútù ní ìnira tó sápamọ́ sínú awọ rẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá gé ojú kọ́kọ́rọ́ (kòtò gígùn tí a fi ń de ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá) sí ìhà kan rẹ̀, ó lè wọ́ díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onísítíìmù tó rin ojú irin oní-mílímítà 1,067 wa, èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, irin oníkábọ̀n tí wọ́n fi òòlù rọ ni ọ̀pá ẹsẹ̀ wọn. Ọ́ìlì ni wọ́n fi ń lé ìpẹtà.


Ará Àgbádárìgì (Àgbádárìgì)

Mo ka ohun tí Bàbá kọ, mo sì gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń lé ìpẹtà ní Ẹ̀pẹ́ kò lè lé e lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi. Mild steel tí mo bá gbẹ́ ní ọjọ́ Ajé tí mo gbàgbé láti fi ọ́ìlì pa, á ti pọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti fi sítéńlẹ́ẹ̀sì ṣe ọ̀pá tírólì mi, inú búúṣì brọ́ńsì ni ó sì ń yí. Kò ha, kò pẹtà.

Ohun tó ṣe Olùkọ́ ni pé ó fi sítéńlẹ́ẹ̀sì yí nínú sítéńlẹ́ẹ̀sì. Awọ tín-ínrín kan wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó pẹtà. Tí méjì nínú wọn bá ń gbo ara wọn, awọ yẹn á ṣí, irin ìhòòhò á kan irin ìhòòhò, wọ́n á gbá mọ́ra, wọ́n á sì máa fa ara wọn ya. Nọ́ọ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì tí ẹ dè mọ́ bóòtì sítéńlẹ́ẹ̀sì láìfi gírísì sí i, tó wá kọ̀ tí kò ṣeé tú mọ́, ohun kan náà ló ṣe é. Ẹ fi brọ́ńsì tàbí irin káàsì ṣe àpótí, híha yẹn á dópin. Ọ̀pá náà kọ́ ló jẹ̀bi.


Ìyá Béárìn (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Béárìn, síìlì àti gọ́ọ̀mù wọn ni mo ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ tó yí lórí ọ̀pá, nítorí gbogbo yín ti fò ó.

Gọ́ọ̀mù irú Loctite 638 tàbí 603 kì í gbẹ bí ọ̀dà. Tí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó sì fara kan irin, ìgbà yẹn ni ó ń dì. Irin lásán, bàbà àti idẹ máa ń ràn án lọ́wọ́ kó tètè dì. Sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Lórí irú wọn, ó lè pẹ́ gan-an kó tó dì, ó sì lè má lágbára tó bó ṣe yẹ, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ́n omi tí ń jí i, tí wọ́n ń pè ní activator, sára irin náà.

Olùkọ́, mo ní ìbéèrè mẹ́ta fún yín. Kí ni ẹ fi nu ọ̀pá náà kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i? Báwo ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti ihò ẹsẹ̀ ṣe tó? Wákàtí mélòó ni ẹ fún un?


Olùkọ́ Ìgbógbò

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Epo bẹntiróòlù ni mo fi nù ún. Àlàfo náà tó nǹkan bíi mílímítà 0.2, torí dírì ni mo fi lu ihò àwọn ẹsẹ̀ náà, dírì ọ̀hún sì lù ú tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.


Ìyá Béárìn

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Bẹntiróòlù ń fi ọ̀rá tín-ínrín sílẹ̀ sára irin lẹ́yìn tó bá fẹ́ lọ. Acetone ni kí ẹ lò. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń lẹ èékánná fún obìnrin, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè èyí tí kò ní òróró ìpara nínú, torí àwọn kan máa ń pò ó mọ́ ọn kí awọ ọwọ́ má bàa gbẹ. Àlàfo 0.2 ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ tí písítìn ń fà síwá-sẹ́yìn. 0.05 ni kí ẹ lépa, kí ẹ sì fi lathe yọ ihò náà.

Tí ẹ bá fẹ́ tú àwọn ẹsẹ̀ yòókù, ẹ fi iná gaasi gbá ìdí wọn títí gọ́ọ̀mù yóò fi rọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má sì dúró sí ìhà tí èéfín ń fẹ́ sí.


Tọ́nà Sábọ̀

Mo ti gbọ́ ti ṣáàfù mọ́tò, mo gbà fún Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi gọ́ọ̀mù ṣe ẹsẹ̀ tí ọmọ ènìyàn máa gùn. Kí a gbẹ́ ọ̀pá náà kí ó tóbi ju ihò lọ díẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tì í wọlé, bí a ṣe ń ṣe béárìn ẹsẹ̀ mọ́tò. Ohun tó wọlé pẹ̀lú agbára kì í yí.


Bàbá Èbúté

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọkọ̀ ńlá, ó sì dára. Fún ọ̀pá oní-mílímítà 19, kí ó fi mílímítà 0.02 péré tóbi ju ihò lọ. Tí ó bá tó 0.05, ìdí ẹsẹ̀ irin káàsì lè là, torí irin káàsì kò gba fífà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ láǹfààní láti to pínnì ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì sí igun 90 síra wọn. Tí ó bá yẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń wọlé lọ, kò sí àtúnṣe. Gọ́ọ̀mù máa ń fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti yí ẹsẹ̀ kó bá ìlà mu. Èmi máa ń lo gọ́ọ̀mù, lẹ́yìn tó bá ti dì mo máa ń lu ihò mílímítà 4 sí ojú ìpàdé ọ̀pá àti ẹsẹ̀, mo sì máa ń ti pínnì wọ inú rẹ̀. Ọkàn Tọ́nà á balẹ̀, tèmi náà á balẹ̀.


Ọmọ Ìpakodò (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin bàbá mi, mo ń tún ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe. Nínú àwọn tó ti kú, irin róbótó kan máa ń wà tí ó ń dán bíi dígí, ó sì tọ́ gan-an. Ṣé a lè fi ṣe ọ̀pá ẹsẹ̀? Mo ní oní-mílímítà 12 àti 16. Mi ò mọ irú irin tó jẹ́.


Bàbá Èbúté

A lè fi ṣe é, ọmọ mi, tí o bá kọ́kọ́ bi irin náà léèrè orúkọ rẹ̀. Gbé orí rẹ̀ lé òkúta ìlọ ní ìrọ̀lẹ́ kí o lè rí iná rẹ̀ dáadáa, má sì ṣe é nítòsí ibi tí ìyàwó rẹ sá aṣọ sí, ojú mi ti rí i. Mild steel á tu iná gígùn tí ẹ̀ka rẹ̀ kò pọ̀. Silver steel, tí kábọ̀n inú rẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, á máa bẹ́ yẹ́-yẹ́-yẹ́ bíi báńgà ọdún Kérésìmesì. Ti irin káàsì kúrú, ó sì pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ti sítéńlẹ́ẹ̀sì kò pọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ́. Lẹ́yìn náà, fi fáìlì fà á: tí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò mú un, wọ́n ti sọ ọ́ di líle, o kò ní í rí i gbẹ́ ní lathe kékeré.

Tí ó bá jẹ́ silver steel tí wọn kò tíì sọ di líle, lò ó bó ṣe wà. Má ṣe kì í bọ iná. Ọ̀pá gígùn tí a bá rì sínú omi látinú iná máa ń wọ́. Oní-mílímítà 12 á dára fún pínnì ẹsẹ̀.


Olùkọ́ Ìgbógbò

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ti yé mi: mild steel mílímítà 19, àpótí brọ́ńsì, acetone, pínnì mílímítà 4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí bíréèkì. Mo ń rò ó láti fi sítíìmù máa tẹ̀ ẹ́.


Tọ́nà Sábọ̀

Ti bíréèkì kò ṣòro. Láínìn mọ́tò ńlá ni kí ẹ gé, kí ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án mọ́ irin pẹlẹbẹ. Láínìn ni wọ́n ṣe fún bíréèkì. Álúmíníọ̀mù kò yẹ níbẹ̀ rárá, ó rọ̀ débi pé iyanrìn ń wọ inú rẹ̀, iyanrìn yẹn ló sì ń gé ẹsẹ̀ yín bíi sáńpépà.


Ìyá Béárìn

Tọ́nà, òótọ́ ni ti iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ má gé láínìn àlòkù, ẹ má sì fi fáìlì ra á. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ láínìn àtijọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ èyí tó ní in. Eruku rẹ̀ tí ènìyàn bá fà símú lónìí lè di àrùn ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé ló sì máa jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yìí. Tí ẹ bá ní dandan láínìn ni, ẹ ra tuntun tí wọ́n kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé kò ní asbestos.


Ará Àgbádárìgì

Èmi ò tilẹ̀ gbà pé orí ọkọ̀ ni ó yẹ kí bíréèkì gidi wà. Ẹ jẹ́ ká wo ìwúwo. Ọkọ̀ kílò 45, awakọ̀ àti tírólì tirẹ̀ kílò 95, ọmọ mẹ́fà àti tírólì tiwọn kílò 220. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 360. Lórí irin gbígbẹ, ẹsẹ̀ kò lè di irin mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yín nìkan á fún yín ní kílò 10 ìdádúró. Tí ẹ bá ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò ju ìrìn kánmọ́-kánmọ́ lọ, ẹ ó rìn tó mítà 7 kí ẹ tó dúró. Tí ọ́ìlì tàbí ìrì bá wà lórí irin, ó lè di mítà 16. Irin tí ẹ tẹ́ kò ju mítà 40 lọ, Olùkọ́.

Tí ẹ bá tún fi bíréèkì sí tírólì tí awakọ̀ jókòó lé, ìwúwo awakọ̀ fúnra rẹ̀ á bá yín ṣiṣẹ́, ìdúró náà á sì já sí mítà méjì àti àbọ̀. Béárìn 6204 ni kí ẹ fi sí ẹsẹ̀ tírólì, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20.


Bàbá Èbúté

Ìṣirò Ará Àgbádárìgì péye, mo sì ní kí ẹ tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ẹ fi bíréèkì sórí ọkọ̀ náà, ó kéré tán kí ó lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń koná.

Irin káàsì ni kí ẹ fi ṣe ṣúù. Ẹsẹ̀ yín jẹ́ irin káàsì, irin káàsì sì máa ń bá ara rẹ̀ gbé pọ̀ dáadáa, torí lẹ́ẹ̀dì bíi ti pẹ́ńsù wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbá mọ́ra. Kí ẹ wá èyí tó rọ̀ díẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ fún ṣúù, nítorí ṣúù ni ó yẹ kó jẹ, kí ó má jẹ́ ẹsẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì tírélà tó ti fọ́ ni orísun rẹ̀. Ó nípọn tó. Ẹ má lo irin ẹ̀rọ ìlọta. Irin káàsì náà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le débi pé fáìlì kì í wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ yín ni yóò jẹ tán.

Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ débi tí ẹsẹ̀ yóò fi dúró gbagidi. Ní 1878, Captain Douglas Galton àti George Westinghouse dán bíréèkì wò lórí ojú irin ní Brighton ní Ìlú Ọba. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ tó há tó ń wọ́ lórí irin kì í dá ọkọ̀ dúró tó èyí tó ṣì ń yí. Wọ́n tún rí i pé ṣúù irin káàsì máa ń di ẹsẹ̀ mú sí i bí eré ṣe ń dín kù, nítorí náà ìgbà tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kó dúró ni ẹsẹ̀ máa ń há. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ nígbà yẹn, torí ẹsẹ̀ tó bá wọ́ yóò ní ojú pẹlẹbẹ kan tí yóò máa dún kó-kó títí ẹ ó fi tún un gbẹ́.


Tọ́nà Sábọ̀

Mo gbọ́ ti asbestos, màá ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n láínìn tuntun ṣì wù mí ju irin lórí irin lọ fún tírólì. Kì í pariwo, kì í sì í jẹ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wù ló lè bá mi jiyàn.


Ará Àgbádárìgì

Fún tírólì, mi ò bá yín jiyàn, tèmi náà ní láínìn.

Olùkọ́, ti sítíìmù tí ẹ fẹ́ fi tẹ bíréèkì: irin lásán ni mo fi ṣe sìlíńdà tèmi lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn tí sítíìmù bá ti tutù, omi ni ó ń dà, omi yẹn a sì jókòó sí ìsàlẹ̀ sìlíńdà. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi dá, písítìn ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, òòlù ni mo fi yọ ọ́. Brọ́ńsì tàbí gunmetal (irú brọ́ńsì kan) ni kí ẹ fi ṣe sìlíńdà àti písítìn, kí ọ̀pá písítìn jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì, kí ihò kékeré tí omi yóò gbà jáde sì wà nísàlẹ̀. Tí ó bá fẹ̀ ní mílímítà 25, sítíìmù 80 psi á tì í pẹ̀lú kílò 27, ó sì tó. Síìlì tí àwọn pọ́ńbà ń lò kò lè fara dà á, torí ooru sítíìmù 80 psi kọjá 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Viton, irú rọ́bà tí ń fara da ooru, ni kí ẹ bèèrè.

Àwọn pínnì tó so ọ̀pá bíréèkì pọ̀, ẹ fi sítéńlẹ́ẹ̀sì tó kù lọ́wọ́ yín ṣe wọ́n. Wọn kì í yí, díẹ̀ ni wọ́n ń mì, ìpẹtà ló sì máa ń há wọn.


Ìyá Béárìn

Mo ní Viton níbí, ẹ kàn fi ìwọ̀n písítìn ránṣẹ́.


Olùkọ́ Ìgbógbò

Mo ti gbẹ́ ọ̀pá tuntun méjèèjì, mo ti lẹ̀ wọ́n, mo ti lu pínnì wọn. Wákàtí méjì gbáko ni ọkọ̀ fi yí lórí igi lánàá, ìlà tí mo fà kò yẹ̀. Búúṣì gbóná díẹ̀, ọwọ́ ṣì gbà á.

Mo rí àfọ́kù dúrọ́ọ̀mù tírélà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti gé ṣúù méjì, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ayùn irin kò wọ̀ rárá, eyín ayùn tuntun kan ti lọ síbẹ̀. Àmì tó dúdú bíi aró ló wà lójú ibẹ̀, ó tóbi tó owó kọ́bọ̀.


Bàbá Èbúté

Ibi tí bíréèkì ti jóná nìyẹn. Ooru sọ ibẹ̀ di líle nígbà tí dúrọ́ọ̀mù náà ṣì wà lábẹ́ tírélà. Kò sí fáìlì tí yóò mú un, tí ó bá sì wọ inú ṣúù yín, yóò gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀. Ẹ fi òkúta ìlọ lọ ojú inú dúrọ́ọ̀mù náà kúrò tó mílímítà mẹ́ta, tàbí kí ẹ gé ṣúù tó kù láti etí rẹ̀ níta, níbi tí láínìn kò dé.


Olùkọ́ Ìgbógbò

Láti etí ni mo ti gé e láàárọ̀ yìí. Ayùn wọ̀ ọ́ bíi ọṣẹ, eruku rẹ̀ sì dúdú bíi ti lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Ìyá Béárìn, mílímítà 25 ni písítìn, méjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́.